Ẹ Jẹ́ Ká Bi Wọ́n Léèrè Ọ̀rọ̀

Àpérò ìdókòwò wọ̀nyí ti sú mi o! Ẹ ó gba owó gọbọi lọ́wọ́ èèyàn, ẹ ó wá to èèyàn márùn-ún sórí pèpéle fún ìṣẹ́jú 40. Olóòtú á fi 10 nínú rẹ̀ ka oyè wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ọjà lè gòkè, ó sì lè wálẹ̀. A dúpẹ́. Ẹni kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ilé-iṣẹ́ rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ náà ló sanwó kó tó dé ìdí máìkì, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún wa. Tó bá wá kan ìbéèrè, "àkókò ò sí mọ́".

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, David Einhorn, olùdókòwò ará Amẹ́ríkà kan, dárúkọ Lehman Brothers, báńkì ìdókòwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní gbangba níbi àpérò ìdókòwò Ira Sohn ní New York. Ó tọ́ka síbi tí iye tí wọ́n kéde àti èyí tó wà nínú ìwé ìṣirò wọn kò ti bára mu. Kò fi pa mọ́ pé òun máa jèrè bí ìpín wọn bá já wálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, Lehman wó. Ká tiẹ̀ ní ó ṣìnà, ó ṣáà sọ ohun tí èèyàn lè lọ yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Kí lo rà? Èló lo rà á? Kí ló lè mú kó já ọ kulẹ̀? Tó ò bá lè dáhùn, jọ̀ọ́, gbé máìkì yẹn sílẹ̀.