Òòfà kọ́ ló ní kí wọ́n má ta sípíkà fún wa

Èkìtì kete, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ sípíkà ni mo gbé wá lónìí, àwọn sípíkà ńlá tá a máa ń gbé sí pálọ̀, kì í ṣe ti orí fóònù. Ìgbàkígbà téèyàn bá ti ní òun fẹ́ ra ojúlówó kan láti òkè òkun, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò ṣe é fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Tó bá béèrè ìdí, wọ́n á ní òòfà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á ní bátìrì, àwọn kan tiẹ̀ máa ní pákó ni wọ́n fi kàn án. Èmi ò gbà. Òfin wà tó jẹ́ ti ààbò, ìyẹn ni mo fara mọ́ tọkàntọkàn, òmíì sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajé lásán ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń po méjèèjì pọ̀ kí ẹnu wa lè wọhò, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òòfà bẹ̀rẹ̀, torí irọ́ kọ́ pátápátá. Òòfà wà lẹ́yìn sípíkà lóòótọ́, òun àti wáyà tí wọ́n ká róbótó sáàárín ẹ̀ ló jọ ń ti kóònù, ìyẹn awẹ́ bíi bébà tó wà níwájú ẹ̀, síwá sẹ́yìn tí ohùn fi ń jáde. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí tẹlifísọ̀n ayé ijọ́un, èyí tó ní ìdí gbàǹgbà lẹ́yìn, tó o bá gbé sípíkà sún mọ́ ọn báyìí, apá kan ojú ẹ̀ á di àwọ̀ ewé, apá kan á di àlùkò, màmá á wá máa pariwo pé ta ló ba tẹlifísọ̀n òun jẹ́. Irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn náà ni wọn ò fẹ́ kó dé bá kọ́ńpáàsì inú bàálù. Ìdí nìyẹn tí IATA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, fi ka ohun tó ní òòfà mọ́ ẹrù eléwu, kíláàsì 9, UN2807 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un.

Àmọ́ ẹ dúró o, òfin yẹn ní òdiwọ̀n. Wọ́n á wọn agbára òòfà náà ní mítà 2.1 sí páálí, tí ò bá ti tó 0.159 A/m (ampere lórí mítà, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), wọn ò kà á sí ẹrù eléwu rárá, kò yàtọ̀ sí páálí bàtà lójú òfin. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún sẹ́yìn dé mítà 4.6, tí ò bá kọjá 0.418 A/m níbẹ̀, bàálù ṣì lè gbé e tí ìwé ẹ̀ bá pé tí wọ́n sì lẹ àmì mọ́ ọn. Èyí tó bá tún ju ìyẹn lọ ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé òòfà kì í pẹ́ rẹ̀, tó o bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, agbára ẹ̀ á kù bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá kó ogún sípíkà jọ síbì kan, ọ̀rọ̀ lè yí, ṣùgbọ́n sípíkà pálọ̀ kan tàbí méjì nínú páálí ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa kọjá láìsí wàhálà. Ta wá ló wọ̀n ọ́n? Ọmọ tó wà ní káńtà ti rí "speaker" lórí ìwé, ó ti ní rárá, ó ti pe ẹni tó kàn.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ṣọ́ọ̀bù kan tó sọ fún àbúrò mi pé nítorí òòfà làwọn ò ṣe lè fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀bù kan náà ló kọ ọ́ sábẹ́ ọjà yẹn pé àwọn ń fi bàálù gbé e lọ sí Dubai. Ṣé òòfà ń mọ ibi tó ń lọ ni?

Ti bátìrì, ẹ má bá mi jà, wọ́n jàre. Ní September 2010, bàálù ẹrù UPS kan gbiná lójú ọ̀run lẹ́yìn tó gbéra ní Dubai, bátìrì lithium pọ̀ nínú ẹrù tó gbé, àwọn awakọ̀ méjèèjì ló kú. Àtọjọ́ kìíní oṣù April 2016 ni wọ́n sì ti ní kí wọ́n má kó bátìrì lithium-ion lásán sínú ẹrù bàálù tó ń gbé èrò. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ní òfin tiẹ̀, kò le tó yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn sípíkà onítáyà tẹ́ ẹ fi ń jó lóde ìnáwó, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí pápákọ̀, ẹ máa rí Wh (watt-hour, iye iná tí bátìrì lè gbà) níbẹ̀, tẹ́ ò bá rí i, ẹ fi volt bátìrì náà lọ́nà ampere-hour ẹ̀. Tí ò bá ju 100 lọ, kò sí wàhálà, tó bá wà láàárín 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, tó bá ju 160 lọ, ẹ gbé e padà sílé ni. Ṣùgbọ́n sípíkà pálọ̀ tó jẹ́ ampilifáyà ló ń fún un níná, bátìrì wo ló wà nínú ẹ̀?

Pákó ńkọ́? Pákó gidi tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹrù lòfin ń bá wí, nítorí kòkòrò, wọ́n á fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e. Plywood àti MDF (pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tí wọ́n fi ń ṣe ara sípíkà ò sí nínú ẹ̀. Ó tán.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Àdéhùn ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà lè pín ayé fún àwọn tó ń bá a tajà, kó ní ìwọ ta nílùú yìí, ìwọ ta lọ́hùn-ún, ẹni tó bá tà kọjá ààlà á gba ìwé ìkìlọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù wárántì ń bà wọ́n, ta ló fẹ́ san owó láti dá wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) tó ti já padà láti Ìkọ̀lé Èkìtì? Wọ́n sì tún ń wo káàdì wa bíi pé gbogbo wa la jẹ́ gbájúẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí mo lè bá wọn gbà ni ti iná, torí ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, 60 Hz, tiwa jẹ́ 230 sí 240, 50 Hz, ẹni tó bá ki ampilifáyà Amẹ́ríkà bọ sókẹ́ẹ̀tì ní Ajílọ́ṣun láìsí stepdown tó ń dín agbára iná kù, èéfín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ orin. Kí wọ́n ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tààrà. Sípíkà tí kò ní ampilifáyà nínú ò tiẹ̀ níṣòro iná kankan, ti Ìlú Ọba sì jọ tiwa, títí kan pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Owó ńkọ́ o? Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù kì í wo kílò nìkan, wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga páálí ṣe ìsọdipúpọ̀, wọ́n á fi 5000 pín in. Páálí súbùwúfà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 lọ́nà gbogbo, kílò 25 ni wọ́n máa kà á sí, ì báà jẹ́ kílò 14 ló wọ̀n. Ẹ ò lè bá wọn jà, dírẹ́bà tó ń gbé wébíìlì láti Alábà wá sí Adó náà ò ní sikéèlì, ojú ló fi ń wo ẹrù tó fi ń pe iye. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé kó fi síìpù kó ẹrù ńlá, ó máa pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ní tà ẹ́ lápò bíi ti bàálù. (Wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú ẹrù sí Adó níbí o, àmọ́ iṣu àtàwọn irè oko ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn ò rò ó pé wúfà ló ń wu àwa.)

Ohun tí mi ò ní gbà láéláé ni ti àwọn ẹ́jẹ́ǹtì tó máa ní kẹ́ ẹ kọ "aṣọ" sórí páálí. Ẹ má ṣe é. Irú páálí bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ń fara pa mọ́ sí, àwọn tó ń gbé e kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀, kí wọ́n kọ̀ lójú páálí tá a kọ òótọ́ sí.

Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń kó kọ́ńténà láti London tí wọ́n sì ń já ẹrù dé Adó tàbí Ìkéré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Sípíkà méjì mi ti wà nínú gáréèjì àbúrò mi látọdún tó kọjá, ìyàwó ẹ̀ sì ti ń bi í pé ìgbà wo ni òun máa rí àyè pa mọ́tò òun.