Ẹ má fojú kéré ẹni tó ṣe ipò kejì ní Hayward Field

Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ìròyìn yín kàn ń pariwo pé Jakob Ingebrigtsen ọmọ Norway ló gba Bowerman Mile, eré sísá máìlì kan ti àwọn ọkùnrin, ní Eugene, Oregon, ẹ wá fi Yared Nuguse ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ipò kejì sí ìlà kan péré nísàlẹ̀, kò dáa bẹ́ẹ̀ rárá. Mo wà ní Hayward Field, pápá eré sísá tó wà ní Eugene, lọ́jọ́ yẹn, September 16, 2023, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo jókòó sí, torí máìlì ju ráùndì mẹ́rin lọ díẹ̀, wọ́n máa ń sún ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà 9. Nígbà tí aago ráùndì tó kẹ́yìn dún, gbogbo èèyàn ti dìde, Nuguse lẹ̀ mọ́ Ingebrigtsen lẹ́yìn gbágbá, kò jẹ́ kó mí, àwọn yòókù ti jìnnà sẹ́yìn. Ingebrigtsen sá 3:43.73 (ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 43.73), Nuguse sá 3:43.97! Rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni Nuguse fi ṣe ipò kejì o, ẹ tún wò ó pé 3:43.13 ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé tí Hicham El Guerrouj ọmọ Morocco sá ní 1999. Pápá yìí náà ni Tobi Amusan wa ti sá ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nínú eré 100 mítà hurdles, eré tí wọ́n ti ń fo igi, ní 2022. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Oregon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò lè fi bí wọ́n ṣe ń yára tó hàn yín.