Òwò Auburn ò déédéé kú

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé òwò Auburn Avenue, òpópónà táwọn èèyàn dúdú ti ń ṣòwò ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, kàn rọra kú ni, nígbà táwọn èèyàn dúdú ráyè rajà níbòmíràn. Mi ò gbà rárá. Ẹ wo Alonzo Herndon, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní 1858. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló fi kówó jọ, tó fi dá ilé iṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀ ní 1905. Ní 1906, àwọn òyìnbó dìde, wọ́n pa èèyàn dúdú nígboro, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù Herndon ní òpópónà Peachtree. Ìyẹn ló lé ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ sí Auburn. Ibẹ̀ náà nìjọba tún la títì márosẹ̀ gbà! Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín lónìí, abẹ́ afárá ló máa gbà, tí ariwo mọ́tò á máa dún lókè orí rẹ̀.