Ẹ Ná Mọ́tò Tí Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Ti Bàjẹ́ Bí Ẹni Pé Kò Ní Ẹ́ńjìnì Rárá

Èrò ọkàn mi lórí mọ́tò àlòkù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ní àrùn nìyí: ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ ná an bí ẹni pé kò sí ẹ́ńjìnì kankan nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á ò bá gbà, ẹ fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Camry kan, irú èyí tí à ń pè ní Muscle, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi fẹ́ yá owó kọ́púrétíìfù láti fi rà á, kó máa fi gbé èrò l'Ékòó. Ẹni tó ń tà á ní ó kàn ń gbóná díẹ̀ ni, pé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, nìkan ló fẹ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń ti àwọn ọmọ wa sí gbèsè. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé jó. Ooru tó bá jó o lè ti tẹ orí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú, torí aluminium ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọn ò bá gbé orí náà lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á tún jó.

Muscle oní-sílíńdà mẹ́rin ti ọdún 2007 sí 2009 sì tún ní tirẹ̀: púpọ̀ nínú wọn máa ń mu ọ́ìlì nítorí àbùkù tó wà lára píṣítìnì àti ríìngì rẹ̀. Toyota fa gáráńtì rẹ̀ gùn fún àwọn oníbàárà l'Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àmọ́ ta ni yóò fa gáráńtì gùn fún tiwa?

Ẹ lọ wo mọ́tò láàárọ̀, kí wọ́n tó sáná sí i. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìtíì sáná: iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́. Bí fáànù bá sì ń yí láti ìgbà tí ẹ sáná láìtan AC, ó lè jẹ́ pé rẹwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná mọ́tò, ti so ó tààrà kí ooru má baà hàn.

Lára Camry yẹn, mo tú ìdérí ọ́ìlì, mo fi ìka nu abẹ́ rẹ̀. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ki, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mẹkáníìkì tí ọ̀gbẹ́ni náà mú wá ní ìrì ni. Mo ní kó ṣí rédíétọ̀. Ọ́ìlì ń léfòó lójú omi: omi àti ọ́ìlì ti ń dà pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Ó dákẹ́.

A wá jókòó ṣírò rẹ̀: owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, owó iṣẹ́, ọ́ìlì, pẹ̀lú owó àtiyí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì padà nínú ìwé mọ́tò, torí ọlọ́pàá lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì Ládípọ̀ náà sì lè má dáa! Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Camry olówó pọ́ọ́kú yẹn wọ́n ju èyí tó dáa lọ. Àbúrò mi dá iye tirẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀, a bá tiwa lọ.

Kọ́púrétíìfù ò ní bèèrè bóyá mọ́tò rìn lóṣù yẹn kí wọ́n tó yọ owó wọn. Ẹni tó ní mọ́tò mìíràn tó ń gùn, tó sì ní mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán, lè ra irú èyí kó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi wá oúnjẹ òòjọ́ láti ọjọ́ kejì tó bá rà á, mo bẹ̀ ẹ́, kó fi sílẹ̀, kó tún owó kó jọ díẹ̀ sí i.