Ta ló ní dandan ni kí phenomenology parí?

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan phenomenology, ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí (philosophy) kan, ni pé kì í parí ọ̀rọ̀. Láti nǹkan bí 1900 tí Edmund Husserl ti gbé e dìde ní Jámánì, wọ́n ṣì ń wádìí bí nǹkan ṣe ń hàn sí wa, bí a ṣe ń rí i, tí a ń gbọ́ ọ, tí a ń rántí rẹ̀. Maurice Merleau-Ponty, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ rẹ̀ ní Faransé, gan-an kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1945 pé ìbéèrè ohun tí phenomenology jẹ́ kò tíì rí ìdáhùn. Lójú tèmi, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ orin tí Husserl fi kọ́ni ní yunifásítì Göttingen lọ́dún 1905. Ẹ jẹ́ ká fi dùndún ṣe é (òun kò dárúkọ dùndún o, èmi ni mo mú un wọlé). Onílù rí yín lóde àríyá, ó ń kì yín. Nígbà tí ìró kẹta bá fi dún, èkíní ti lọ. Ká ní èyí tó ń dún lọ́wọ́ nìkan lẹ ń gbọ́, kí lẹ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Ká sì ní gbogbo rẹ̀ ló ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ni. Husserl ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ò tíì bọ́ lọ́wọ́ wa, a sì ti ń retí èyí tó ń bọ̀. Àbí kí ló dé tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti máa ń wà lápò kí onílù tó dé ìdí ọ̀rọ̀?

Husserl padà sórí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mọ àkókò yìí léraléra títí ó fi darúgbó. Nígbà tó kú ní 1938, nǹkan bí 40,000 ojú ìwé ló fi sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà ní ìkọ̀wé àkékúrú (shorthand). Ìdílé Júù ni wọ́n bí i sí, ìjọba Nazi sì wà lórí oyè. Àlùfáà kan, Herman Leo Van Breda, ló kó àwọn ìwé náà sá lọ sí Leuven ní Bẹ́ljíọ̀m.

Mi ò ní ká wá máa fi àìlópin bo ọ̀rọ̀ rúdurùdu mọ́lẹ̀. Martin Heidegger, onímọ̀ phenomenology mìíràn, máa ń dá mi lágara níbòmíràn. Ohun tí mò ń fẹ́ ni ohun tí mo lè yẹ̀ wò lára ara mi, bí Edith Stein, akẹ́kọ̀ọ́ Husserl, ṣe ṣe nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1916: mo rí ìbànújẹ́ lójú ọ̀rẹ́ mi, mi ò ṣírò rẹ̀ kí n tó mọ̀, síbẹ̀ kò di ìbànújẹ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó sọ ọ́.