Ilẹ̀ Oko Wa Ń Pọ̀ Sí I Lórí Ìwé, Ṣùgbọ́n Irú Ilẹ̀ Wo Ni?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò FAO, àjọ tí ó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni ilẹ̀ oko, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 70 nínú mílíọ̀nù 91, ó sì ti fẹ̀ ju bí ó ti wà ní 1961, nígbà tí àkọsílẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wa. Èrò ọkàn mi ni pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iye yìí tù wá nínú, nítorí ilẹ̀ tí ó ń wọlé sínú rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ń bọ́ kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń kà. Wọ́n ń ka ilẹ̀ tí a ń dáko sí lọ́dọọdún, títí kan èyí tí a fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè sinmi. Wọ́n ń ka ilẹ̀ kòkó, obì àti ọ̀pẹ. Wọ́n sì tún ń ka pápá tí ẹran ń jẹ̀. Nítorí náà, hẹ́kítà kan pápá gbígbẹ ní ìpẹ̀kun àríwá Nàìjíríà, níbi tí òjò kì í ti í ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún, dọ́gba nínú ìwé pẹ̀lú hẹ́kítà kan ilẹ̀ dúdú ní Ọ̀ṣun tí à ń gbin àgbàdo sí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ìkànìyàn 1963 sọ pé a jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 55. Ti 2006 sọ pé a jẹ́ mílíọ̀nù 140. Lónìí, a ti lé ní mílíọ̀nù 200. Ká ní a pín gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí, àtàpáta àtìlú, ní 1963, hẹ́kítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, kò lè pé ìdajì hẹ́kítà. Ohun tí èyí ṣe fún wa ni pé ilẹ̀ kì í sinmi mọ́. Láyé àwọn bàbá wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí igbó yóò fi bò ó padà, wọn a sì ṣí lọ síbòmíràn. Àgbẹ̀ tí kò ní ju éékà méjì lọ lónìí kò ní ibòmíràn tí yóò ṣí lọ. Ẹ̀gẹ́ ni yóò máa gbìn léraléra, nítorí ẹ̀gẹ́ ṣì máa ń ta níbi tí iṣu ti kọ̀. Àwa ni a ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ilẹ̀ tí ó ti ṣá wà lára ohun tí ó gbé wa dé ibẹ̀. Ní ti àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà àti irú wọn, hẹ́kítà kan lọ́dọ̀ wa kì í sábà mú tọ́ọ̀nù 2 wá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 ni ti àgbáyé lápapọ̀.

Ẹ wo ìlú Ọ̀fadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí ìrẹsì tí à ń fi ayámáṣe jẹ ti gba orúkọ. Bí ẹ bá yà kúrò ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Mowé, ẹ ó rí oko ẹ̀gẹ́ tí òpó kọnkéré kékeré àwọn awọnlẹ̀ ti yọrí láàárín ebè, tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ náà kàn ń jẹun lórí ilẹ̀ náà títí olówó rẹ̀ yóò fi kó búlọ́ọ̀kù dé ni. N kò bú ẹbí tí ó tà á. Hẹ́kítà kan tó nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì 15, owó pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sì lè ju èrè ìrẹsì ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 pàápàá, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò dáàbò bo àgbẹ̀: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, owó irè oko àti ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ ni òfin náà kà sí, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà.

Níbo wá ni a ti ń rí àfikún? Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, inú igbó ọba ni. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, ti di ibi tí àwọn olóko kòkó ń wọ̀ síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Olúwa ní Oǹdó. Bẹ́ẹ̀ òfin tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Hẹ́kítà tí a fi igbó ọba rà yìí ń jẹ́ èrè nínú ìṣirò, kòkó orí rẹ̀ kò sì ní rí ẹni rà á lọ́jà tí ó tóbi jù.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé ìṣirò jáde lọ́dọọdún, ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì, kí ilẹ̀ oko tí ilé gbà wà lọ́tọ̀, kí èyí tí a gbà lọ́wọ́ igbó wà lọ́tọ̀. Kí gómìnà, ẹni tí òfin ti fún lágbára, ya ilẹ̀ tí ó dára fún oúnjẹ sọ́tọ̀ kí wọ́n má lè gé e sí pulọ́ọ̀tì mọ́, kí wọ́n sì san owó gidi fún àwọn ẹbí tí ó ni ín kí títà má baà jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn. Ọbáfẹ́mi-Owódé ni n bá fẹ́ kí Ògùn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ìrẹsì ṣì ṣẹ́kù níbẹ̀.