Ta Ló Ń Ra Bíréèkì Nínú Yín?

Ó ti sú mi. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí lọ́sẹ̀ yìí, bébà dyno ni, bébà tí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀ ń tẹ̀ jáde. Ẹnìkan á dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, á na bébà sókè, á fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà tó ga jù, àwọn èrò á sì rọ́ wá kí i. 350 horsepower. 420 horsepower. Ẹnìkan tiẹ̀ ní òun ti kọjá 500 lára ẹ́ńjìnnì lítà 2. Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo àwòrán wọn níkọ̀ọ̀kan, mi ò rí ẹyọ táyà kan. Mi ò rí páàdì, mi ò rí dísìkì, kò sì sí ẹni tó dárúkọ óìlì bíréèkì. Ta ló ń ra bíréèkì nínú yín gan-an?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sí lára àwọn tó máa ń sọ pé ọkọ̀ tó bá ṣáà ti gbé èèyàn débi tó ń lọ ti tó. Ọ̀rọ̀ wa ò lè yé àwọn yẹn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń sá. Mo fẹ́ràn ìgbà tí turbo bá gbéra, tí ìjókòó á tì mí lẹ́yìn, tí ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Mo fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan palẹ̀ kí n sì máa tò ó padà, kí gíríìsì máa bẹ lábẹ́ èékánná mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé agbára ti di ohun tó rọrùn jù láti rí lára ọkọ̀ òde òní, a sì ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo kì í fúnni lágbára lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi 20 horsepower kún un, ẹ máa pààrọ̀ camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ẹ máa wá manifold, páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tó dáa, lẹ́yìn náà ẹ ṣì máa tún brain box rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ṣe kó lè bá àwọn ohun tuntun náà mu. Iṣẹ́ ni. Turbo yàtọ̀. Látìgbà tí Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yẹn ní 1905, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì á yí fáànù kan, ìyẹn á yí ìkejì, ìkejì á wá máa ki atẹ́gùn bọ inú ẹ́ńjìnnì ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fà á fúnra rẹ̀ lọ. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo á lè pọ̀, agbára náà á sì pọ̀. Lónìí, brain box ló ń pinnu bí turbo á ṣe fẹ́ tó. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì sábà máa ń fi àyè sílẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan á ra epo tí kò dáa, ẹlòmíì á wa ọkọ̀ nínú ooru tó le, ẹlòmíì ò ní pààrọ̀ óìlì lásìkò.

Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn wá ń tà fún wa. Ẹni tó ní laptop á so wáyà mọ́ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á kọ fáìlì tuntun sínú brain box, ọkọ̀ tó wọlé pẹ̀lú 220 horsepower á sì jáde pẹ̀lú 290. Wọn ò tú nọ́ọ̀tì kan. Èmi náà mọ bó ṣe ń dùn. Ṣùgbọ́n fáìlì yẹn ò dé ọ̀dọ̀ bíréèkì. Páàdì tó wà níbẹ̀ lánàá náà ló wà níbẹ̀ lónìí.

Eré ò sì mọ̀ pé ẹ ò ra páàdì. Tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti kìlómítà 100 ní wákàtí kan sí 140, tí ojú wa ń wò bí ẹni pé kò tó nǹkan, iṣẹ́ bíréèkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ooru sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Dísìkì àti páàdì ló máa kọ́kọ́ gba ooru yẹn, wọ́n á wá tì í sára caliper, irin tó ń fi páàdì há dísìkì, caliper á tì í sínú óìlì bíréèkì.

Mo rí èyí lójú ara mi. Mo wà níbi pápá eré, lọ́jọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí oníkálùkù gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wọlé wá sáré. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀ mí wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń pariwo: ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn márùn-ún, iwájú ló fi ń fà, turbo wà níbẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní. Ó ti kọ fáìlì sí i, ó ti pààrọ̀ downpipe, páìpù tó ń gba èéfín jáde lára turbo, intercooler tó tóbi, èyí tó ń mú atẹ́gùn turbo tutù, ti wà lẹ́yìn bọ́ńpà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jókòó nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà."

Mo wọ ìbòrí, mo wọlé. Ká sọ òótọ́, ọkọ̀ náà ń fà. Níbi tó ti jáde ní kọ́nà sójú ọ̀nà tó lọ tààrà, gíà kẹta, sitiárìn ń gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ torí táyà iwájú fẹ́ máa yọ̀, mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ọkọ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ibi tó ń lọ, kò já sitiárìn gbà. Ká tó yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ti ń gbóòórùn páàdì. Mo sọ fún un pé kó dẹwọ́ díẹ̀ kó tutù. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tààrà yẹn ti tún dé, ta ló máa dẹwọ́ níbẹ̀?

Nígbà tó tẹ bíréèkì ní òpin rẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọlẹ̀. Pẹ́dà yẹn lọ títí ó fi kan ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ padà wá, ó já gíà wálẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́nà ti kọjá. A wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà síbẹ̀ fún irú wa, òkúta ń ro pàrà pàrà lábẹ́ ọkọ̀, títí tí táyà fi rì, tí a dúró. Kò sí ohun tó ṣe wá. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀, àfi bọ́ńpà iwájú tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó yíjú sí mi, òógùn ń bọ́ nímú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ rí bó ṣe fà lójú ọ̀nà yẹn?"

Ẹnu mi wọ́. Gbogbo ohun tí mo ń kọ lónìí wà nínú gbólóhùn yẹn.

Wọ́n fà wá jáde, ọkọ̀ tutù, a yọ táyà iwájú. Dísìkì ti yí sí àwọ̀ búlúù, ó ti la wẹ́wẹ́ láti etí ihò rẹ̀. Páàdì ẹ̀gbẹ́ òsì ò tó mìlímítà 3. Mo ṣí ìdérí ibi tí óìlì bíréèkì wà, ó dúdú kirikiri. Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Óìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú atẹ́gùn, bí ọkọ̀ tiẹ̀ dúró sójú kan. Èyí tó jẹ́ DOT 4, òfin ni pé nígbà tó bá wà ní tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí òfin ń béèrè ti já wálẹ̀ sí 155. Tí wọ́n bá ń tẹ bíréèkì láti eré ńlá, léraléra, láìsí ìsinmi láàárín, 155 yẹn kì í pẹ́ dé. Tó bá ti hó, ìfófòó á wà nínú páìpù. Óìlì ò ṣeé fún pọ̀, ìfófòó ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yín á máa fún ìfófòó pọ̀, caliper ò ní gbọ́ ohunkóhun. Ohun tó gbé wa wọ inú òkúta nìyẹn. Ìgò óìlì díẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀sán kan ni ì bá ti dènà rẹ̀.

Mo tún ní kó wá wo táyà rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ ó rí lẹ́tà DOT, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ju ti iwájú lọ, ó ti gan, èékánná ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi ń kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo horsepower tó wà lórí bébà, ibẹ̀ ló máa gbà kọjá. Bíréèkì náà, ibẹ̀ ló máa gbà.

Ẹni tínú ń bí mi sí jù kì í ṣe ọmọ yẹn. Ẹni tó kọ fáìlì fún un ni. Ọkọ̀ náà wà níwájú rẹ̀ lórí dyno. Ó gba owó, ó tẹ bébà fún un, ó fi fídíò sí orí ìkànnì ara rẹ̀, kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa bó ṣe máa dúró. Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, àgbàlagbà lẹni tó ni ọkọ̀. Ó dáa. Ìbéèrè kan ò kúkú ná an ní nǹkan kan.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Porsche gbé 911 Turbo jáde ní 1975 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 3 àti 260 horsepower. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di lítà 3.3 tó ní 300 ní 1978, bíréèkì tó jáde látara 917, ọkọ̀ ìdíje wọn, ni wọ́n gbé sí i. Agbára lọ sókè, bíréèkì náà lọ sókè. Ẹ wo Nissan Skyline GT-R R32 tó jáde ní 1989. Gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ Japan ti fẹnu kò nígbà yẹn pé àwọn ò ní kọ ju 280 horsepower sórí ìwé. Nígbà tí Nissan fẹ́ ṣe èyí tó tún dára jù ú lọ ní 1993, V-Spec, nọ́ńbà yẹn ò kúrò níbi tó wà. Bíréèkì Brembo àti rímù tó tóbi ni wọ́n fi kún un. Àwọn tó mọ ọkọ̀ ló ń wá ìyẹn títí dòní.

Tàbí Mazda MX-5. Èyí àkọ́kọ́, 1989, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, kò tó 120 horsepower, kò sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ lè tẹ throttle rẹ̀, pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, dópin níbi kọ́nà, ẹ máa mọ ohun tí táyà kọ̀ọ̀kan ń ṣe láti ìjókòó yín, bíréèkì rẹ̀ ò sì ní í sú yín torí kò sí ẹrù tó ń dà á láàmú. Kò sí ẹni tó máa na bébà dyno ọkọ̀ yẹn sókè. Èmi ò rí ohun tó wà nínú 500 horsepower tó máa fún mi láyọ̀ ju ìyẹn lọ.

Bí mo ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí nìyẹn: óìlì bíréèkì tuntun, páàdì tó lè gba ooru, táyà tó dáa ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi laptop kan ọkọ̀ yín. Ẹ má sì kun caliper tó wà tẹ́lẹ̀ ní pupa kẹ́ ẹ pe ìyẹn ní bíréèkì ńlá. Mo ti rí i tí wọ́n fi ìbòrí oníke bò ó, tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ bíréèkì sí i lára.

Ọmọ yẹn gbọ́. Ohun tó mú kí n kọ èyí ní alẹ́ yìí gan-an nìyẹn, torí ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: caliper tuntun, dísìkì tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, páìpù bíréèkì oníirin, táyà mẹ́rin tó dọ́gba tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí. Ó ti padà sórí pápá, ó ní pẹ́dà le gbọn-in títí wọ́n fi ṣíwọ́. Inú mi dùn débi pé mo pè é. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, níwọ̀n ìgbà tó ti ń dúró báyìí, mo fẹ́ gbé turbo tó tóbi sí i. Ẹ bá mi wo èyí tó yẹ kí n rà."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pẹ̀lú ohun tí mo ti ń wàásù látòkè wá yìí, kò jẹ mí ní gbèsè kankan mọ́. Mo lè sọ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò ní gbé e, tàbí gíà, tàbí kọ́ńródù ẹ́ńjìnnì, ó máa ní òun á rà wọ́n. Mo lè sọ pé kó jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi mí ṣe ẹni tó ń pinnu ibi tó ti tó fún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀? Mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí yẹn, mo sì mọ̀ pé èmi náà á fẹ́ jókòó nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí turbo ọ̀hún bá kọ́kọ́ fẹ́. Mo ti ṣí ìwé turbo méjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí lẹ sọ fún àwọn tiyín?